Òfin Ìfọgbọ́n-lo-iná fún Ìtànmọ́lẹ̀ Inú Ilé

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Ọ̀rọ̀ iná títàn sínú ilé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí òtítọ́ òwe yìí ti fara hàn gbangba. Ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí ìmọ́lẹ̀ inú wọn dọ́gba, kí àwọn ọmọ inú ilé méjèèjì máa ka ìwé wọn láìsí ìnira, síbẹ̀ kí iná mànàmáná tí ọ̀kan ń jẹ ju ìlọ́po mẹ́fà èyí tí èkejì ń jẹ lọ. Kì í ṣe pé ilé kìíní tóbi ju èkejì lọ. Irú gílóòbù tí wọ́n fi sínú wọn ni ó yàtọ̀, àti ọwọ́ tí ẹni tí ó kọ́ ilé fi mú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ó ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọba lágbàáyé fi ṣe òfin tí ó ń sọ ìwọ̀n iná tí ilé kan gbọ́dọ̀ máa jẹ kí ó tó lè mọ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2017, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́lé àti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn kan tí ó gbọ́ sì rò pé ńṣe ni òfin fẹ́ fi àwọn sínú òkùnkùn. Ó yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, kí á mọ ohun tí òfin sọ gan-an, ìdí tí ó fi sọ ọ́, àti ohun tí kò jẹ́ kí ó tíì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ní ayé àwọn baba wa

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń fi ọgbọ́n lo ìmọ́lẹ̀. Kí àwọn òyìnbó tó dé, àwo amọ̀ ni fìtílà. Epo tàbí àdín ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀, òwú ni wọ́n ń rẹ sínú epo náà kí wọ́n tó ṣáná sí i. Nítorí pé epo ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe ní ilé ìdáná àti ní ọjà, kò sí ẹni tí í tan fìtílà ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tí í fi í sílẹ̀ kí ó máa jó nínú yàrá tí ènìyàn kò sí.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé pàápàá ń ran ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Agbo ilé máa ń ní àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì yí àgbàlá náà ká. Láti inú àgbàlá yìí ni ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, tí àwọn ọmọdé sì ti ń ṣeré. Òrùlé tí ó yọ síta ni kì í jẹ́ kí oòrùn ta sí wọn lára. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ooru kò bá a wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ òfin ilé kíkọ́ òde òní ń wá nìyẹn.

Ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní ìlú Èkó. Ìgbà tí ó fi máa di ọdún 1972 tí ìjọba dá NEPA sílẹ̀, gílóòbù ti di ohun tí gbogbo ìlú ńlá mọ̀. Ohun kan yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó ń bu epo sínú fìtílà ń fi ojú ara rẹ̀ rí bí epo ṣe ń lọ. Ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì iná kò rí nǹkan kan títí ìwé owó iná yóò fi dé. Ní ilé tí kò bá sì ní ẹ̀rọ tí ń ka iná, tí ó jẹ́ pé iye tí àwọn òṣìṣẹ́ iná fi ojú bù ni wọ́n ń san, ẹni tí ó ń pa iná àti ẹni tí kì í pa á, owó kan náà ni wọ́n lè bù fún wọn. Níbẹ̀ ni ìwà ìkíyèsára ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Wáàtì kì í ṣe ìmọ́lẹ̀

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ènìyàn rò pé wáàtì ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí yàrá òun mọ́ kedere á ní kí wọ́n bá òun ra gílóòbù 100 wáàtì. Ṣùgbọ́n wáàtì kò sọ bí iná ti mọ́lẹ̀ tó. Agbára iná tí gílóòbù ń jẹ ni ó ń sọ. Lúmẹ̀nì ni orúkọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde láti ara gílóòbù.

A lè fi iṣẹ́ ilé ìdáná ṣe àpèjúwe rẹ̀. Obìnrin méjì lè se ìkòkò iṣu tí ó dọ́gba. Ọ̀kan fi ààrò tí ó dára àti igi gbígbẹ dáná, ìdì igi kan sì tó o. Èkejì dáná síta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá iná kiri, ó sì jó ìdì igi mẹ́fà kí iṣu tó jinná. Iṣu kan náà ni wọ́n jẹ. Wáàtì dà bí igi tí wọ́n dá, lúmẹ̀nì sì dà bí iṣu tí ó jinná. Kò sí ẹni tí ó mọ̀wàá tí yóò máa fi iye igi tí wọ́n jó yangàn.

Gílóòbù àtijọ́, irú èyí tí Thomas Edison ní Amẹ́ríkà àti Joseph Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú jáde ní nǹkan bí ọdún 1879, ń ṣiṣẹ́ nípa mímú kí okùn wáyà tín-ín-rín gbóná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì funfun. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún iná tí ó bá jẹ, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí kò tó ìdá mẹ́wàá. Ooru ni gbogbo ìyókù. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń jó kò nílò ẹ̀rí mìíràn. Gílóòbù LED kò nílò láti gbóná kí ó tó tàn. Èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí wáàtì 9 lè fúnni ní nǹkan bí lúmẹ̀nì 800, èyí tí gílóòbù àtijọ́ kò lè fúnni àfi bí ó bá jẹ wáàtì 60. Gílóòbù àtijọ́ máa ń lo nǹkan bí 1,000 wákàtí kí ó tó kú. LED tí ó jẹ́ ojúlówó lè lo 15,000 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè

Ọ̀wọ́n epo ni ó bí òfin yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ń wa epo fi òfin de títa epo fún Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn. Iye owó epo fò sókè, àwọn ènìyàn sì wá rí i pé àwọn ilé ńláńlá tí iná wọn kì í kú tọ̀sán-tòru ń jẹ epo bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 1975, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tí ń jẹ́ ASHRAE gbé ìlànà jáde lórí bí ilé tuntun yóò ṣe máa fi ọgbọ́n lo iná, ìtànmọ́lẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1978, ìpínlẹ̀ California sọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ di òfin fún ilé kíkọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ Yorùbá ti ta gbòǹgbò láti ayé òwò ẹrú náà ní ìtàn tiwọn. Ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, láti oṣù kẹfà ọdún 2001 títí di oṣù kejì ọdún 2002, òjò kò rọ̀ tó, omi inú àwọn ìsédò tí ń fún wọn ní iná sì fà. Ìjọba ní kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé dín iná tí wọ́n ń lò kù ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹni tí ó bá kọ̀ san owó ìtanràn. Nínú ọdún 2001 yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin tí ó fún ìjọba ní àṣẹ láti fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún iná tí ẹ̀rọ àti ilé gbọ́dọ̀ máa jẹ. Ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2005 sí 2006. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń yọ gílóòbù àtijọ́, wọ́n ń fi enájì sévà rọ́pò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iye gílóòbù tí wọ́n pààrọ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í lé gílóòbù àtijọ́ kúrò lọ́jà láti orí 100 wáàtì. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ó ti kan àwọn kéékèèké náà. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, gílóòbù ilé tí kò bá lè mú ó kéré tán lúmẹ̀nì 45 jáde lórí wáàtì kan kò gbọdọ̀ sí lórí àtẹ níbẹ̀ mọ́, yàtọ̀ sí àwọn ìwọ̀nba irú kan tí òfin yọ sílẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ wáàtì 60 kì í mú ju nǹkan bí 13 lọ.

Ohun tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sọ

Ní ọdún 2017, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà fún iná mànàmáná, iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ìfọgbọ́n-lo-iná nínú ilé jáde. Apá mẹ́rin pàtàkì ni ìlànà náà ní: fèrèsé, òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù àti ìtànmọ́lẹ̀. Lórí ìtànmọ́lẹ̀, ó ní iná tí wọ́n bá fi sínú ilé gbígbé kò gbọdọ̀ ju wáàtì 6 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ti ilé iṣẹ́ ìwé kò sì gbọdọ̀ ju wáàtì 8 lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi yàrá kan ṣe ìṣirò. Yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3, mítà onígun mẹ́rin 12 ni. Bí a bá fi 6 sọ 12 di púpọ̀, wáàtì 72 ni òfin gbà. Bí onílé bá fi gílóòbù àtijọ́ kan tí ó jẹ́ wáàtì 60 sí i, kò rú òfin, ṣùgbọ́n lúmẹ̀nì 800 ni yóò rí fún gbogbo yàrá, ìyẹn nǹkan bí 67 lórí mítà onígun mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ yìí kéré fún ọmọ tí ń kàwé. Bí ó bá wá fi mẹ́ta sí i kí ojú lè ríran dáadáa, ó di wáàtì 180, ó sì ti ré kọjá òfin. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi LED mẹ́ta tí ó jẹ́ wáàtì 9 sí i, lúmẹ̀nì 2,400 ni yóò rí, wáàtì 27 péré ni yóò sì jẹ. Kò tilẹ̀ dé ìdajì ohun tí òfin gbà.

Àlàyé yìí fi hàn pé òfin kò fi òkùnkùn bẹ́nikẹ́ni wí. Kò sọ pé kí lúmẹ̀nì kéré. Ìnákúnàá ni ó ń lé.

Fèrèsé kò ṣeé yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìlànà yìí kò fẹ́ kí fèrèsé ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ara ògiri lọ, àfi bí ohun tí ń ṣíji bò ó bá wà. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí fèrèsé ńlá ni í mú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa, gíláàsì ńlá tí kò ní ìbòòji ń mú ooru wọlé. Onílé á wá fa kọ́tìnnì bò ó, á tan iná ní ọ̀sán, á sì tún tan ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn ayàwòrán ilé tí ó mọṣẹ́ ti rí ọ̀nà àbáyọ tipẹ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew lo ògiri oníhò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1959, kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láìjẹ́ pé oòrùn tẹ̀ lé wọn. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon ya àwọn ilé kan tí àjà òkè wọn yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí àjà kọ̀ọ̀kan fi ń ṣíji bo èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n òrùlé agbo ilé ni ó tún padà wá nínú kọnkéré.

Àríyànjiyàn lórí òfin náà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń bi ni pé, níbi tí iná kò ti tó, kí ni à ń fi ọgbọ́n lò? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ kò tó ni ó yẹ kí ó fi ọgbọ́n lò ó jù. Gílóòbù mẹ́wàá tí ó jẹ́ wáàtì 60, wáàtì 600 ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó gbé wọn kò tún ní ohun púpọ̀ tí ó lè gbé mọ́. LED mẹ́wàá tí ó jẹ́ wáàtì 9, wáàtì 90 ni, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n yóò sì rí ibi dúró sí. Ẹni tí ó fẹ́ ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì náà yóò rí i pé ilé tí ó jẹ iná díẹ̀ kò nílò èyí tí ó wọ́n.

Ìbéèrè kejì jẹ mọ́ owó. LED wọ́n ju gílóòbù àtijọ́ lọ ní ọjọ́ tí a bá rà á, ṣùgbọ́n owó ọjọ́ ìrajà nìkan kọ́ ni ọlọ́gbọ́n ń wò. Bí gílóòbù mẹ́wàá tí ó jẹ́ wáàtì 60 bá jó fún wákàtí 5 lójúmọ́, yúníìtì 90 ni wọn yóò jẹ nínú ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iná gbé owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà ìpele A láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí náírà 225. Bí a bá fi náírà 225 náà ṣe ìṣirò, gílóòbù mẹ́wàá wọ̀nyí yóò ná onílé ní náírà 20,250 lóṣù. LED mẹ́wàá yóò jẹ yúníìtì 13.5, owó rẹ̀ kò sì ju náírà 3,038 lọ. Owó tí ó ṣẹ́kù lé ní náírà 17,000. Àmọ́ ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Ayédèrú LED wà lọ́jà tí kì í pẹ́ kú, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Òfin tí ó wo ilé tí kò wo ọjà kò tíì parí iṣẹ́.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù: ta ni yóò mú òfin náà ṣẹ? Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a lẹ́jọ́ pé ètò ìlú àti ìfọwọ́sí ilé kíkọ́ jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ohun tí Àbújá gbé jáde ní ọdún 2017 kò lè wọ inú ilé kan ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ àfi bí ìpínlẹ̀ bá sọ ọ́ di tirẹ̀, tí òṣìṣẹ́ tí ń fọwọ́ sí àwòrán ilé sì ń bèèrè ìṣirò wáàtì bí ó ti ń bèèrè ibi tí ṣálángá yóò wà. Agbára òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bákan náà, ìnákúnàá kò ní dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ìdíwọ́ ńlá mìíràn ni àìsí ẹ̀rọ tí ń ka iná nínú ọ̀pọ̀ ilé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ṣọ́ra bá ń san owó kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò bìkítà, òfin kò ní rí olùfẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí enájì sévà àti àwọn gílóòbù gbọọrọ tí ó pọ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sàn ju gílóòbù àtijọ́ lọ ní ti iná tí wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n mẹ́kúrì wà nínú wọn, májèlé sì ni. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Minamata fi pinnu ní ọdún 2022 àti 2023 pé kí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe enájì sévà ilé dúró ní ìparí ọdún 2025, kí ti gbọọrọ náà sì tẹ̀lé e títí di ìparí ọdún 2027. Èyí tí ó bá fọ́ nínú kíláàsì, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ lásán kó o.

Ipa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Ilé ẹ̀kọ́ ni ibi tí ó rọrùn jù lọ láti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò lè ní kí àwọn ọmọ wọn gígùn àti ìbú kíláàsì wọn, kí wọ́n ka wáàtì tí ó wà lára gílóòbù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ré kọjá 8 lórí mítà onígun mẹ́rin. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi ooru ara gílóòbù kọ́ wọn bí agbára ṣe ń yí padà. Olùkọ́ èdè náà ní iṣẹ́ láti ṣe, nítorí òfin tí a kò lè fi èdè abínibí ṣàlàyé fún bíríkìlà, fún oníná àti fún onílé kò ní kúrò lórí ìwé. Níní wọ́n lè jọ jíròrò ibi tí ó yẹ kí bọ́tìnnì iná wà: bí bọ́tìnnì kan ṣoṣo bá ń tan gbogbo gbọ̀ngàn, ẹni kan tí ń kàwé ní igun kan á tan iná fún àga ọgọ́rùn-ún tí ó ṣófo.

Ìkádìí

A ti rí i pé òfin ìfọgbọ́n-lo-iná kì í ṣe òfin òkùnkùn. Ó ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná tí ń ṣòfò, ó sì ní kí ayàwòrán ilé, oníná àti onílé jọ ro ọ̀rọ̀ náà kí ilé tó dìde. Ìṣirò rẹ̀ kò le, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é. Ohun tí ó kù ni kí àwọn ìpínlẹ̀ gbà á ní tiwọn, kí ọjà bọ́ lọ́wọ́ ayédèrú, kí olúkúlùkù sì ní ẹ̀rọ tí yóò máa sọ òtítọ́ iná tí ó jẹ fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Gílóòbù kan nínú ilé kan kéré, ṣùgbọ́n ní ìlú tí ilé rẹ̀ kò lóǹkà, ohun tí a bá rí fi pamọ́ níbẹ̀ lè tan iná fún àwọn tí kò tíì ní rárá.